Dọ́ọ̀tì méjì tó wà lórí Ё: ìdáhùn mi fún ìyá Artyom

Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ sí mi rèé, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Rọ́ṣíà ni ọkọ mi, ibẹ̀ la ti bí ọmọ wa ọkùnrin, a ti wá kó dé Ìbàdàn báyìí. Nínú ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀, Артём ni wọ́n kọ. Nínú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀, Артем ni, kò sí dọ́ọ̀tì kankan lórí ẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ ní ARTEM, ẹni tó bá wa tú ìwé ọjọ́ ìbí yẹn sí gẹ̀ẹ́sì wá kọ Artyom. Mo kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní ìwé ọmọ méjì ni mo kó wá. Ọkọ mi ní kò sí nǹkan kan ńbẹ̀, pé lẹ́tà kan náà ni. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n kúkú ní kí wọ́n bá wa yọ dọ́ọ̀tì yẹn kúrò nínú ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀, ká lè sinmi?»

Ìyá Artyom, ẹ kú làálàá o. Ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ kan náà ni ẹ bí, orúkọ kan náà ló sì ń jẹ́. Mo lo ọdún méje ní ìlú Voronezh ní Rọ́ṣíà, látìgbà tí mo sì ti padà sílé, kíkọ́ èèyàn ní èdè Rọ́ṣíà àti títú ìwé ni mo fi ń jẹun, nínú gbogbo lẹ́tà Cyrillic tí wọ́n fi ń kọ èdè Rọ́ṣíà pátá, Ё yìí ló ń kó àwọn oníbàárà mi sí wàhálà jù. Tí mo bá gbọ́ yín yé, nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an ni ẹni tó ṣì í kọ, ṣé ẹni tó fi dọ́ọ̀tì sí i ni àbí ẹni tó yọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ṣì í kọ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ṣe ìwé ọjọ́ ìbí kọ ọ́ pé pérépéré, ẹni tó kọ káàdì abẹ́rẹ́ kọ ọ́ bí gbogbo ará Rọ́ṣíà ṣe máa ń kọ ọ́ tí wọ́n bá ń kánjú, àwọn tó ṣe pásípọ́ọ̀tù náà tẹ̀ lé òfin tiwọn. Ìtumọ̀ gẹ̀ẹ́sì yẹn nìkan lọ̀rọ̀ wà lára ẹ̀, màá sì padà débẹ̀. Ọkọ yín gbà á ní àbọ̀ ṣá. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn ẹ̀ máa ń kọ Е síbi tó yẹ kí Ё wà tí ẹnikẹ́ni ò ní bínú, àmọ́ wọn kì í ṣe lẹ́tà kan náà rárá. Lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n (33) ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Rọ́ṣíà, Е ni ìkẹfà, Ё ni ìkeje, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléèwé níbẹ̀ á kà á fún yín bẹ́ẹ̀ láìṣì í.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ bó ṣe ń dún. Е máa ń dún bíi «yẹ», Ё máa ń dún bíi «yọ», ó súnmọ́ èyí tó wà nínú Ayọ̀ dáadáa, tí kọ́ńsónáǹtì bá wá ṣáájú ẹ̀, kọ́ńsónáǹtì yẹn á rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí Артём fi ń jáde lẹ́nu bàbá ẹ̀ bí «Artyọ́m», tí agbára ohùn ẹ̀ gbogbo wà ní ìparí. Ohun míì tún wà tí àwọn tó ń kọ́ èdè yìí kì í tètè fura sí: ibi tí Ё bá ti wà nínú ọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi agbára pe ọ̀rọ̀ yẹn, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀ àti díẹ̀ tí wọ́n yá láti èdè míì. Torí ẹ̀, ẹni tó bá yọ dọ́ọ̀tì méjì yẹn kúrò ti mú nǹkan méjì lọ lójú ẹni tó ń kàwé, ó mú ìró lọ, ó sì tún mú ibi tí agbára ohùn wà lọ. Olùkọ́ tó bá rí ARTEM, tí kò gbọ́ Rọ́ṣíà rí, á pè é ní «Átẹ̀ẹ̀mù», ẹ ò sì lè dá a lẹ́bi, ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló kà.

Ibi tí ìró yìí ti wá gan-an, inú orúkọ ọmọ yín ni ẹ ti lè rí i, ó dùn mọ́ mi pé orúkọ yẹn lẹ sọ ọ́. Orúkọ Gíríìkì ni nílẹ̀, Artemios, ìjọ Orthodox sì ń pè é ní Артемий títí dòní, pẹ̀lú е. Àmọ́ ní ayé àtijọ́, lẹ́nu àwọn ará Rọ́ṣíà, ìró е tó bá gba agbára ohùn, tí kọ́ńsónáǹtì líle bá tẹ̀ lé e, bẹ̀rẹ̀ sí í yí di «yọ». Nínú Артемий, м tó tẹ̀ lé е rọ̀, torí náà е dúró bó ṣe wà. Nígbà tí àwọn ará ilé àti ará ọjà gé orúkọ náà kúrú, м wá wà ní ìparí, ó le, ni е bá di ё, bí Артём ṣe jáde nìyẹn. Ẹ wo igi tí wọ́n fi ń ṣe Kérésìmesì, ель lorúkọ igi yẹn, àmọ́ tí wọ́n bá pè é ní orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ, ёлка ni. Пётр náà bẹ́ẹ̀, Pétérù ni, ṣùgbọ́n Петя ni wọ́n ń pe ọmọdé tó ń jẹ́ ẹ. Kì í ṣe gbogbo е ló yí padà o, torí àtijọ́ lẹ́tà míì kan wà tí wọ́n ń pè ní yat, Ѣ, ìró tiẹ̀ yàtọ̀ nígbà yẹn, kí ó tó wá dà pọ̀ mọ́ е. Ọ̀rọ̀ tó bá ti inú yat wá kì í sábà di ё, ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì fi jẹ́ хлеб, tí igbó fi jẹ́ лес, tí kò sẹ́ni tó ń fi dọ́ọ̀tì sí wọn.

Ohun tó wá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le ni ṣọ́ọ̀ṣì. Èdè ìjọ, Slavonic àtijọ́, ò gba ìyípadà yẹn wọlé, wọ́n ń ka е bíi е nínú àdúrà àti Bíbélì, torí náà fún ọ̀pọ̀ ọdún «yọ» dàbí ohùn ará oko létí àwọn ọ̀mọ̀wé, «yẹ» sì ni ohùn ẹni tó mọ̀wé. Èyí fi àpá sílẹ̀ sínú èdè náà tó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ọ̀rọ̀ kan náà ni небо àti нёбо níbẹ̀rẹ̀, èyí tó gba ọ̀nà ìjọ wọlé ni небо, ojú ọ̀run, èyí tó wà lẹ́nu aráàlú ni нёбо, àjà ẹnu. Падеж, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe ń yí padà nínú gbólóhùn, ni wọ́n ń kọ́ni ní kíláàsì gírámà, падёж sì ni kí ẹran ọ̀sìn máa kú lọ bẹẹrẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀ mo ka падёж inú ìwé ìròyìn bíi падеж, mo jókòó fún ìgbà pípẹ́ mò ń wá ohun tó kan gírámà pẹ̀lú màlúù.

Lẹ́tà náà fúnra ẹ̀ ò pẹ́ láyé tó àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé Cyril tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe Cyrillic ló kọ gbogbo lẹ́tà yìí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò rí bẹ́ẹ̀. Cyril àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Methodius, àwọn ará Thessaloniki, ṣe irú lẹ́tà kan tó ń jẹ́ Glagolitic ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀ Bulgaria ni wọ́n ti wá fi lẹ́tà Gíríìkì ṣe Cyrillic lẹ́yìn wọn. Ё ò sí nínú ẹ̀ rárá. Nígbà tó di sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ bí aráàlú ṣe ń sọ ọ́, lẹ́tà méjì, і àti о, ni wọ́n ń so pọ̀, wọ́n á wá fi àmì bíi fìlà bò ó lórí. Lóṣù kọkànlá ọdún 1783, ilé Ekaterina Dashkova ní Saint Petersburg ni àwọn ọmọ Akadẹ́mì Rọ́ṣíà, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń rí sí èdè náà, ti ṣèpàdé, obìnrin yìí ni olórí àkọ́kọ́ tí Akadẹ́mì náà ní, akéwì Derzhavin àti Fonvizin tó ń kọ eré orí ìtàgé wà níbẹ̀. Dashkova kọ «іолка», ó wá bèèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n máa fi lẹ́tà méjì kọ ìró kan, ló bá dábàá lẹ́tà kan ṣoṣo tó ní dọ́ọ̀tì méjì lórí. Ìrísí ẹ̀ jọ ë tí àwọn Faransé ń lò, èdè Faransé sì ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olówó ìlú nígbà yẹn. Wọ́n fọwọ́ sí i, àmọ́ wọn ò tètè lò ó, ìwé atúmọ̀ èdè tí Akadẹ́mì náà gbé jáde láti 1789 ò ní i. Ọdún 1795 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní Moscow, nínú ìwé Ivan Dmitriev, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ gbé e ni всё, «gbogbo ẹ̀». Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Nikolai Karamzin náà lò ó nínú àkójọ ewì tó ń tẹ̀ jáde, torí pé gbogbo ìlú ló ń ka ìwé Karamzin, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó dá lẹ́tà náà sílẹ̀, Ulyanovsk tó jẹ́ ìlú agbègbè ẹ̀ sì gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún Ё lọ́dún 2005. Inú mi máa ń bàjẹ́ pé orúkọ Dashkova kì í jáde lẹ́nu èèyàn tí wọ́n bá ń sọ̀tàn yìí, obìnrin ló bèèrè ìbéèrè tí àwọn ọkùnrin inú yàrá yẹn ò bèèrè.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́? Apá kan ni ti ohùn ọ̀mọ̀wé tí mo sọ yẹn, àwọn kan tiẹ̀ kórìíra lẹ́tà náà, wọ́n ní ó ń ba èdè jẹ́. Apá kejì ni iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tó ń fi kálàmù kọ̀wé ní láti gbọ́wọ́ sókè kó tó lè to dọ́ọ̀tì méjì, ẹni tó ń tẹ̀wé ní láti ra irin lẹ́tà míì kún tiẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìkọ̀wé ṣe ní 1917, wọ́n yọ yat dànù, àmọ́ Ё, ohun tí wọ́n sọ ni pé ó dáa kí èèyàn lò ó ṣùgbọ́n kò pọn dandan, gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kó wà láàárín méjì. Ọjọ́ kẹrinlélógún oṣù Kejìlá 1942, nígbà tí ogun Stalingrad ṣì ń gbóná lọ́wọ́, Vladimir Potemkin tó jẹ́ kọmísánnà ètò ẹ̀kọ́ pàṣẹ pé kí gbogbo iléèwé máa kọ ọ́ ní dandan. Ẹ wo orúkọ ẹ̀ dáadáa, Потёмкин ni, ё wà nínú ẹ̀, gẹ̀ẹ́sì ló sọ ọ́ di Potemkin. Ọdún mélòó kan ni àṣẹ yẹn fi múlẹ̀, lẹ́yìn náà ó dẹ̀, òfin ìkọ̀wé 1956 sì ló fìdí ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí múlẹ̀: kí wọ́n kọ Ё sínú ìwé ọmọdé àti ìwé atúmọ̀ èdè, kí wọ́n sì kọ ọ́ níbikíbi tí èèyàn bá lè ṣì í kà, ibi tó kù, wọ́n lè fi Е sílẹ̀. Ẹ gbọ́ irú àṣìkà tí wọ́n ń sọ: «мы все узнаем» ni pé gbogbo wa la máa mọ̀, «мы всё узнаем» ni pé a máa mọ gbogbo ẹ̀. Ará Rọ́ṣíà á wo ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e, á sì mọ èyí tí wọ́n ń sọ, bí àwa náà ṣe ń ka «oko» inú tẹ́ẹ̀sì tí a sì mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni àbí ọkọ̀ tàbí oko àgbàdo.

Àmọ́ orúkọ èèyàn ò ní ohun tó ṣáájú tàbí ohun tó tẹ̀ lé e tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àìlo dọ́ọ̀tì ti ń ṣe ìpalára jù, ó sì dùn mí gan-an nítorí mo rí i lọ́dọ̀ tiwa náà, Ṣọlá di Sola nínú pásípọ́ọ̀tù, ọmọ tí wọ́n bí sí London ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ara ẹ̀ mọ́. Gbogbo ayé ń pe Горбачёв (Gorbachev tó ṣe olórí Soviet Union) ní Gọbashẹ́fù, bẹ́ẹ̀ «-chyọf» ni ìparí orúkọ yẹn, agbára ohùn sì wà níbẹ̀, Хрущёв (Khrushchev) tó ṣolórí ṣáájú ẹ̀ náà bákan náà. Nílé tiwọn pàápàá, wọ́n gbàgbé orúkọ àlejò, Röntgen tó ṣàwárí ìtànṣán tí wọ́n fi ń yàwòrán egungun di Рентген, kò sẹ́ni tó rántí ё mọ́. Ó tún ń ṣẹlẹ̀ lódìkejì, àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi dọ́ọ̀tì sí ibi tí kò sí, wọ́n á ní афёра dípò афера (jìbìtì), torí wọ́n rò pé ẹnì kan ló gbàgbé ẹ̀. Ìjọba Rọ́ṣíà fúnra wọn rí i pé ọ̀rọ̀ orúkọ ti ń le, ní 2007 wọ́n sọ ọ́ pé kí wọ́n máa kọ Ё níbi tí wọ́n bá ti lè ṣì í kà, pàápàá nínú orúkọ, ní 2012 ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tún kọ lẹ́tà jáde lórí Е àti Ё nínú ìwé ìjọba.

Kọ̀ǹpútà ò sì ràn wá lọ́wọ́. Nínú Unicode, ìyẹn ètò nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ̀, gbogbo lẹ́tà Rọ́ṣíà láti А dé я tò tẹ̀ lé ara wọn, 0410 sí 044F, Ё ńlá nìkan wà lọ́tọ̀ ní 0401, ё kékeré ní 0451. Ẹni tó bá kọ prógíráàmù pé kó máa wá láti а dé я, Ё ò ní sí nínú ohun tó rí, ìdí táwọn ọ́fíìsì kan fi ń sọ pé orúkọ yín ò sí lórí ẹ̀rọ nìyẹn. Lórí kíbọ́ọ̀dù Rọ́ṣíà pàápàá, igun òkè lápá òsì ni wọ́n jù ú sí, jìnnà sí ọwọ́. Ẹ tún ṣọ́ra fún Ë ti Látìn, ojú ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí Ё ti Cyrillic, àmọ́ nọ́ńbà wọn ò dọ́gba, tí ẹ bá fi ti Látìn kún fọ́ọ̀mù, ẹ̀rọ á ní orúkọ náà ò bára mu.

Pásípọ́ọ̀tù wá ńkọ́? Òfin kan wà tí orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé láti fi lẹ́tà Látìn kọ orúkọ sínú pásípọ́ọ̀tù tí ẹ̀rọ lè kà, nínú òfin yẹn, Ё ti Rọ́ṣíà, E ni. Torí náà Фёдор á di FEDOR, Пётр á di PETR, Артём á di ARTEM, kò sẹ́ni tó bi wọ́n bó ṣe ń dún. Òfin kan náà ní kí Ё ti Belarus jẹ́ IO, dandan sì ni kíkọ Ё lọ́dọ̀ tiwọn, Арцём tó jẹ́ ọmọ Belarus á wá jẹ́ ARTSIOM. Ukraine ní tiwọn ò ní lẹ́tà Ё rárá, tí wọ́n bá fẹ́ kọ «yọ», йо tàbí ьо ni, wọ́n sì ní orúkọ kan tó ń jẹ́ Артем, tí wọ́n ń fi е gidi pè. Ẹ rí i pé tí ẹ bá yọ dọ́ọ̀tì kúrò nínú ìwé ọjọ́ ìbí, orúkọ tó máa kù síbẹ̀, orúkọ àwọn ará ibòmíì ni.

Torí náà, ìyá Artyom, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn kẹ́ ẹ fọwọ́ kan ìwé ọjọ́ ìbí. Ìwé yẹn ni gbòǹgbò, òun nìkan ló gbé orúkọ ọmọ náà bí bàbá ẹ̀ ṣe ń pè é, tí Artyom náà bá sì bímọ lọ́la, Артёмович tàbí Артёмовна ni àwọn ọmọ ẹ̀ máa jẹ́ láàárín orúkọ wọn. Ẹ lè ronú láti lọ yí pásípọ́ọ̀tù padà sí ARTYOM, ó máa bá ìró mu lóòótọ́, àmọ́ ìrìn àjò ibẹ̀ pọ̀, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti fi ARTEM gbà ò sì ní bá a mu mọ́, mo rò pé wàhálà tuntun lẹ máa fi rọ́pò ti àtijọ́. Èyí tó rọrùn jù ni ìtumọ̀ gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó tú u ò purọ́, ó kọ ohun tó gbọ́, ṣùgbọ́n nínú ìwé tó máa bá pásípọ́ọ̀tù rìn, bí pásípọ́ọ̀tù bá ṣe kọ orúkọ ni kí atúmọ̀ kọ ọ́, kó wá fi gbólóhùn kan sísàlẹ̀ pé Артём ni nínú ìwé Rọ́ṣíà, àti pé E ni pásípọ́ọ̀tù Rọ́ṣíà fi ń kọ lẹ́tà Ё. Èmi náà ṣe irú àṣìṣe yẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kọ Fyodor fún ọmọkùnrin kan tí pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ ní FEDOR, mo ní mò ń ṣe é lóore, owó àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tún un ṣe, mi ò gbàgbé ojú ìyá ẹ̀. Tí ọ́fíìsì yẹn ò bá ṣì gbà, ẹ lọ ṣe áfídáfíìtì ní kọ́ọ̀tù pé Artem àti Artyom, ẹnì kan náà ni. Olùkọ́ èdè ni mí o, mi ò kí í ṣe lọ́yà, tó bá kọjá ibẹ̀ yẹn, lọ́yà ni kẹ́ ẹ wá. Káàdì abẹ́rẹ́ tí kò ní dọ́ọ̀tì, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kò sí ará Rọ́ṣíà kankan tó máa bi yín nípa ẹ̀.

Nílé, ẹ jẹ́ kó máa kọ dọ́ọ̀tì ẹ̀. Lórí fóònù, ẹ yan kíbọ́ọ̀dù Rọ́ṣíà, ẹ tẹ е mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ё á yọ lókè ẹ̀. Tó bá bi yín pé ṣé Ё lòun náà máa fi kọ «Yorùbá» ní èdè bàbá òun, ẹ sọ fún un pé rárá, ọ̀rọ̀ àlejò tó bá fi «yọ» bẹ̀rẹ̀, йо ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, bíi Нью-Йорк (New York) àti йогурт (yoghurt), torí ẹ̀ йоруба ni wọ́n ń kọ. Tẹ́ ẹ bá ti gbé ìtumọ̀ yẹn padà fún ẹni tó ṣe é, ẹ fi bó ṣe kọ gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn hàn mí kó tó lu òǹtẹ̀ lé e, màá bá yín wò ó.